Kí Ọlọ́jọ́ Tó Dé: Ọ̀rọ̀ Lórí Títo Ilé àti Ẹrù Tí A Ó Fi Sílẹ̀ fún Ọmọ

(Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní ìpàdé wa ní Yábàá, ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe)



Mo júbà Olódùmarè. Mo júbà Ọ̀rúnmìlà, ẹlẹ́rìí ìpín. Mo júbà ẹ̀yin ìyá wa àti ẹ̀yin bàbá wa tí ẹ jókòó níbí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti tẹfá kí ìyá mi tó lóyún mi. Bí ọmọdé yóò bá sọ̀rọ̀ ikú níwájú àgbà, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ tọrọ gáfárà. Mo tọrọ. Kí ẹ̀mí gbogbo wa gùn, kí a dàgbà, kí a darúgbó, kí ọmọ sin wá. Ibi tí ọmọ bá ti sin wá tán gan-an ni ọ̀rọ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí àwọn tó ṣètò ìpàdé yìí kọ́kọ́ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lé lórí ni ìlò ohùn nínú ẹsẹ Ifá. Ìyẹn ni iṣẹ́ tí mo ń jẹun nídìí rẹ̀, ìbá sì rọrùn fún mi. Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n yí i padà. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àpótí, nípa àpò Gáná-mọ́sì-gò, nípa abẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti orí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ẹrù tí ó kún ilé wa, àti nípa àwọn tí yóò kó o nígbà tí a kò bá sí mọ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń ṣe kàyéfì pé kí ni awo ń fi irú ọ̀rọ̀ báyìí ṣe. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí ní Muṣin.

Bàbá tí ó kọ́ mi ní Ifá wọ káà ilẹ̀ lọ ní ọdún méjì sẹ́yìn. N kò ní dárúkọ wọn, nítorí àwọn ọmọ wọn ṣì wà, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í sì í ṣe láti fi dójú ti ẹnikẹ́ni. Yàrá kan àti pálọ̀ ni wọ́n háyà nínú ilé kan tí yàrá kọjú sí yàrá, ní ẹ̀yìn ọjà Ojúwoyè. Wọ́n lò ju ogójì ọdún lọ níbẹ̀. Inú pálọ̀ yẹn ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń gbá ọ̀pẹ̀lẹ̀ mú. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń fi ìrọ́kẹ́ kàn mí lórí eékún bí mo bá fo ìlà kan nínú ẹsẹ, nígbà tí èmi náà ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì. Wọn kò ka ìwé ẹ̀rí mi sí nǹkan kan, wọ́n sì tọ̀nà.

Nígbà tí ọjọ́ pé, àwa awo péjọ, a ṣe gbogbo ohun tí ó yẹ kí a ṣe. A kì wọ́n, a sin wọ́n, a lu ìpèsè mọ́jú, a jẹ, a mu. Lẹ́yìn náà, olúkúlùkù wa gba ilé rẹ̀ lọ. Ẹ fi ọkàn sí gbólóhùn yẹn o, nítorí òun ni ẹ̀ṣẹ̀ wa.

Onílé ti fún àwọn ọmọ di ìparí oṣù kí wọ́n kó yàrá rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ọmọ márùn-ún ni Bàbá bí. Ọ̀kan ń gbé ní Ìbàdàn, ọ̀kan ní Ìkòròdú, ọ̀kan wà ní òkè òkun. Àwọn kan ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan ń kírun. Kò sí èyí tí kò fẹ́ràn bàbá rẹ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ní iṣẹ́, ọjọ́ mẹ́ta péré ni wọ́n sì rí gbà níbi iṣẹ́. Wọ́n háyà ọmọkùnrin méjì, wọ́n sì fi ọjọ́ kan ṣoṣo kó ohun tí ogójì ọdún kó jọ.

Ọjọ́ kẹrin rẹ̀ ni mo tó débẹ̀. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyá kan ń se ìrẹsì, sítóòfù karosíìnì rẹ̀ sì wà lórí ọpọ́n Ifá. Ọpọ́n tí mo fi kọ́ṣẹ́ ni. Ojú Èṣù tí wọ́n gbẹ́ sí etí rẹ̀ ti dúdú fún èéfín. Mo bi ìyá náà léèrè ibi tí ó ti rí i. Ó ní ìdí ààtàn ni wọ́n gbé e sí, òun rí i pé igi gidi ni, àti pé etí rẹ̀ tí ó ga kì í jẹ́ kí karosíìnì ṣàn sílẹ̀. Nígbà tí mo sọ ohun tí ó jẹ́ fún un, ó káwọ́ lérí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí. Mo ní kí ó má bẹ̀ mí. Mo ra pákó mìíràn fún un, mo sì gbé ọpọ́n náà lọ sílé.

Ọpọ́n kọ́ ni ó dùn mí jù. Agbẹ́gilére kò tíì tán nílẹ̀ yìí. Ìwé Bàbá ni ó dùn mí. Àwọn ènìyàn máa ń rò pé awo àgbà kì í kọ nǹkan sílẹ̀. Bàbá ti di géńdé kí wọ́n tó kọ́ ìwé kíkọ ní ilé ẹ̀kọ́ alẹ́, láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti ń kọ Ifá sínú ìwé ọlọ́gọ́ta ewé, pẹ̀lú báírò búlúù, láìfi àmì ohùn kankan sí i. Nígbà tí mo kà wọ́n kẹ́yìn, mọ́kànlá ni wọ́n. Wọn kì í kọ ẹsẹ lásán. Wọ́n máa ń kọ orúkọ ẹni tí wọ́n ti gbọ́ ọ, ìlú onítọ̀hún, àti orúkọ ewé tí ó bá a lọ, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará ìlú náà ṣe ń pè é. Fún ẹni tí ó ń ṣe irú iṣẹ́ tèmi, ìṣúra ni èyí. Ewé kan lè ní orúkọ mẹ́ta láàárín Ìjẹ̀bú àti Èkìtì, ọ̀kan nínú orúkọ wọ̀nyí sì lè jẹ́ ẹ̀rí kan ṣoṣo tí ó kù nípa ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sọ mọ́. Ọdún mẹ́ta ni mo fi bẹ Bàbá pé kí wọ́n jẹ́ kí n ya fọ́tò àwọn ìwé náà. Wọ́n ní kí n ní sùúrù. Èmi náà kò sì tẹpẹlẹ mọ́ ọn.

Àwọn ọmọ kó wọn mọ́ ìwé ìròyìn àtijọ́, wọ́n tà wọ́n fún ẹni tí ń ra bébà, onítọ̀hún sì tà á fún àwọn ẹlẹ́pà. Mo rìn láti Ojúwoyè títí dé Ìdí-Òro. Lọ́wọ́ ẹlẹ́pà kẹta, mo rí ìwé ọwọ́ Bàbá lára ẹ̀pà tí ó pọ́n sí wẹ́wẹ́. Mo ra gbogbo rẹ̀. Mo ra ẹ̀pà títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìwé mẹ́ta àti ààbọ̀ ni mo rí gbà padà. Méje àti ààbọ̀ ti bá ẹ̀pà wọ ìgboro lọ.

Ta ni kí n bínú sí? Ìyàwó mi bi mí ní ìbéèrè kan lálẹ́ ọjọ́ náà tí n kò rí ìdáhùn sí: ta ni ó sọ fún àwọn ọmọ wọ̀nyẹn pé ìwé náà ṣe pàtàkì? Bàbá kò sọ fún wọn. Àwa ọmọ awo kò sọ fún wọn. A ń retí pé kí ẹni tí a kò kọ́ mọ iyì ohun tí a kò fi hàn án.

Ẹ jẹ́ kí n yà síbi iṣẹ́ mi díẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ nínú ìwàásù rí, mo sì ti gbọ́ ọ ní ìpàdé bí irú èyí náà, pé ogún, Ògún, ogun àti oògùn jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ohùn ni ó ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ ní èdè wa. Ẹni tí ó bá fojú fo ohùn yóò bọ ohun tí ó yẹ kí ó pín. Kódà bí ogún tí a ń jẹ ṣe bá ogún tí í ṣe ẹ̀wá lọ́nà méjì dọ́gba ní ohùn, ìyẹn kò sọ wọ́n di ìyekan. Ohun tí mo gbà ni pé ogún máa ń di ogun, ìyẹn kò sì kan gírámà.

Kì í ṣe ìgbà tiwa yìí ni ẹrù ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù ní Èkó. Ní ọdún 1928, lẹ́yìn tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń tàn kálẹ̀ ti bá ìlú jà, ìjọba amúnisìn dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti tún Èkó tò, èyí tí àwọn àgbà mọ̀ sí LEDB. Láti ọdún 1955, ìgbìmọ̀ yìí ń wó ilé ní àárín Erékùṣù Èkó, wọ́n ń kó àwọn tí ń gbé ibẹ̀ lọ sí ilé tuntun ní Sùúrùlérè. Onímọ̀ kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Peter Marris, lọ bá àwọn ènìyàn wọ̀nyí sọ̀rọ̀, ó sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 1961. Ó rí i pé àwọn ẹbí tí wọ́n ti ń gbé pọ̀ fọ́n ká, pé owó ọkọ̀ ń dà wọ́n láàmú, pé ọjà àwọn kan kú nítorí pé àwọn oníbàárà wọn kò tẹ̀lé wọn wá sí ìlú tuntun.

Ìyá tí ó bí bàbá mi wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ. Ohun tí màmá máa ń sọ fún wa ni pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni lọ́rì yóò wá, òru ọjọ́ kan ni wọ́n sì fi pinnu ohun tí yóò wọ inú rẹ̀. Ẹrù ẹni kọ̀ọ̀kan kò le. Olúkúlùkù gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ìkòkò rẹ̀ àti àpótí aṣọ rẹ̀. Ẹrù agboolé ni ó le, ìyẹn ohun tí kì í ṣe ti ẹnì kan. Ìbejì méjì wà ní ìyẹ̀wù ìyá àgbà kan tí ó ti kú. Wọ́n ń fi osùn kùn wọ́n, wọ́n ń bọ́ wọn lẹ́wà nígbà ọdún. Nígbà tí wọ́n já ẹrù tán ní Sùúrùlérè, ìdílé kìíní rò pé ìdílé kejì ni ó gbé wọn. Ìdílé kejì rò pé ìdílé kẹta ni. Nígbà tí wọ́n fi padà lọ, ògiri ti wó. Títí tí màmá fi kú, bí a bá lọ kí wọn, wọ́n a ṣàdédé bi bàbá mi pé, “Ta ló gbé ìbejì?” Bàbá mi a ní, “Ìyá mi, kò sẹ́ni tó gbé wọn.” Wọ́n a tún béèrè ní ọ̀sẹ̀ kejì.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò sọ pé àṣà wa ní ètò fún ogún pínpín. Bẹ́ẹ̀ ni. A ní ìdí igi, a ní orí ojorí. Súbérù Dáwódù kú ní Èkó láìkọ ìwé ìpíngún, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ṣé ọ̀nà mẹ́rin ni kí wọ́n pín ogún náà sí ni, àbí mẹ́sàn-án? Ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn adájọ́ àgbà ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì dá a ní ọdún 1962 pé ìdí igi ni àṣà Yorùbá, ṣùgbọ́n pé olórí ẹbí lè lo orí ojorí bí àríyànjiyàn bá ṣẹlẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, ní ọdún 1908, nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole, kóòtù ní Èkó ti gbà pé obìnrin lè di olórí ẹbí bí ó bá jẹ́ òun ni ó dàgbà jù nínú àwọn ọmọ tí ó kù. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń jà fún àṣà mọ àwọn ẹjọ́ wọ̀nyí, nítorí pé àwọn baba ńlá wa ni wọ́n lọ jẹ́rìí nínú wọn. Ṣùgbọ́n lórí ilé àti ilẹ̀ ni gbogbo wọn dá. Kò sí adájọ́ tí yóò pín ikin ní ìdí igi.

Àwọn ọdẹ gbọ́n jù wá lọ níbí. Bí ọdẹ bá kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a ṣe ìṣípà fún un, wọ́n a kó ohun èlò iṣẹ́ ọdẹ rẹ̀ lọ sínú igbó, wọ́n a yà á kúrò láàárín àwọn alààyè. Wọn kì í fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ tí ó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì. Ẹ sì wo àwọn ènìyàn wa ní Cuba, àwọn tí a fi ẹ̀wọ̀n kó kọjá òkun. Títí di òní, bí olórìṣà bá kú láàárín wọn, wọ́n a ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní ìtútù. Wọ́n a bi òrìṣà olóògbé kọ̀ọ̀kan léèrè bóyá yóò bá a lọ tàbí yóò dúró, bí yóò bá sì dúró, lọ́dọ̀ ta ni. Àwọn tí kò gbé ohunkóhun wọ ọkọ̀ ojú omi pa ètò yìí mọ́. Àwa tí a wà nílé gbé ọpọ́n lọ sí ààtàn.

Mo mọ̀ pé Ifá ni àwa náà ń bi nípa ikin awo tí ó ti lọ. Ta ni yóò bi í? Láàárín ọjọ́ mélòó? Bí onílé bá ti ń kan ilẹ̀kùn ńkọ́? Láti ìgbà ọ̀rọ̀ Muṣin, mo ti lẹ bébà kan mọ́ inú ilẹ̀kùn wọ́dúróòbù mi. Orúkọ àwọn awo méjì àti nọ́ńbà fóònù wọn ni ó wà níbẹ̀, pẹ̀lú gbólóhùn kan: ẹ pe àwọn wọ̀nyí kí ẹ tó gbé ohunkóhun kúrò nínú yàrá yìí. Mo ń bẹ ẹgbẹ́ wa pé kí a yan ènìyàn méjì fún agbègbè kọ̀ọ̀kan, Yábàá, Sùúrùlérè, Muṣin, tí iṣẹ́ wọn yóò jẹ́ láti bá ẹbí olóògbé jókòó láàárín ọjọ́ méje, kì í ṣe láti gba nǹkan lọ́wọ́ wọn, bí kò ṣe láti sọ ohun tí nǹkan kọ̀ọ̀kan jẹ́. Bí àwọn ọmọ bá ní àwọn kò fẹ́ kí awo wọlé ńkọ́? Yóò ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí olóògbé fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ nígbà tí ó wà láàyè.

Ẹni tí ó kọ́ mi bí a ti ń to ilé kì í ṣe awo. Ìyá mi ni. Nítòsí Ojúẹlẹ́gba ni wọ́n ń gbé, ibi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń wọ ọkọ̀ lójoojúmọ́ tí wọn kò rántí pé ojúbọ Ẹlẹ́gba ni ó fún un lórúkọ. Nígbà tí ìyá mi pé ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwa ọmọ wá ní ọjọ́ Sátidé, lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n a ṣí àpótí aṣọ òkè wọn, wọ́n a fa ọ̀kan yọ, wọ́n a sọ ìtàn rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e lé ẹni lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gba sányán tí wọ́n fi ṣe ìgbéyàwó. Àbúrò mi gba ẹtù. Èmi gba agbádá bàbá mi kan tí ikán ti jẹ létí. Mo ní, “Màmá, èyí ti jẹ lójú.” Wọ́n ní, “Òun ni bàbá rẹ wọ̀ lọ kí àwọn olùkọ́ rẹ lọ́jọ́ tí o wọlé yunifásítì. Bí o kò bá fẹ́ ẹ, gbé e sílẹ̀.” N kò gbé e sílẹ̀.

Ilé ìdáná ni iṣẹ́ ti wá le. Gbogbo ará Èkó ni ó mọ ohun tí mo fẹ́ sọ: ike òde. Ìyá mi ti lọ sóde fún àádọ́ta ọdún, kò sì sí òde tí wọn kò ti gba ike bọ̀. Abọ́, bọ́kẹ́ẹ̀tì, jọ́ọ̀gì, tírèé, gbogbo wọn pẹ̀lú fọ́tò olóòde lára. A kà wọ́n, wọ́n jẹ́ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Ó ju ìdajì àwọn ojú tí ó wà lára wọn lọ tí wọ́n ti di olóògbé. Báwo ni ènìyàn ṣe ń ju ojú òkú sí ààtàn? Àbúrò mi ní kí a dúró di alẹ́. Ìyá mi kọ̀. Wọ́n ní kí a gbé fóònù wá, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ọmọ àwọn ọ̀rẹ́ wọn, pé ojú ìyá yín wà lọ́dọ̀ mi o, ẹ wá gbé e. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n obìnrin kan wá láti Lawanson, ó di abọ́ ìyá rẹ̀ mú, ó sunkún, ó ní iná ti jó gbogbo fọ́tò tí àwọn ní nílé. Èyí tí kò ní olówó, a kó o fún ìyá onírẹsì igun òpópónà wa. Lójú mi, kò sí ìwé tí ó lè kọ́ni ju ọjọ́ yẹn lọ. Ìyá àgbàlagbà kan ní Sweden, Margareta Magnusson, tẹ ìwé jáde ní ọdún 2017 lórí irú àṣà bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ wọn, tí wọ́n ń pè ní döstädning; ó sì di ìwé tí gbogbo ayé ń rà. N kò bá a jà. Ìyá mi kò kà á ṣáá ni.

Nígbà tí ó kàn mí, mo rò pé èmi yóò lo ọgbọ́n àwọn baba wa. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mí, ara mi le, ṣùgbọ́n oṣù méjì ni mo fi to yàrá ìwé mi. Mo ní n óò fi àrokò ṣe é. Ohun tí yóò kù sílé fún àwọn ọmọ, mo so òwú funfun mọ́ ọn. Ohun awo tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú, tí wọn yóò gbé lọ sọ́dọ̀ àwọn awo bí ó ti wà, mo so òwú dúdú mọ́ ọn. Ohun tí wọ́n lè sọ nù láìronú, mo so òwú pupa mọ́ ọn. Inú mi dùn sí ara mi gan-an. Mo pe ọmọbìnrin mi, ẹni ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo ní kí ó ka àrokò náà fún mi láìjẹ́ pé mo ṣàlàyé. Ó wò ó títí. Ó ní, “Bàbá, pupa, ewu ni: kí a má fọwọ́ kàn án. Funfun, bóyá ti ẹni tó ti kú. Dúdú, ìdọ̀tí ni, kí a gbé e jù nù.”

Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín náà kú mọ́ mi lẹ́nu. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ kí ó pa mọ́ jù lọ ni ìbá kó lọ sí ààtàn, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, nítorí pé ó ń ṣe ìfẹ́ bàbá rẹ̀. Mo ti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àrokò fún ọdún mélòó kan. Mo máa ń sọ fún wọn pé ẹni tí ó fi ránṣẹ́ àti ẹni tí ó gbà á gbọ́dọ̀ jọ mọ ìtumọ̀ rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òwú lásán ni. N kò kọ́ ọmọ mi. Ní báyìí, òwú ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti kọ ọ̀rọ̀ mọ́ ọn, ní Yorùbá tí ó ní àmì ohùn, pẹ̀lú ìlà kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì lábẹ́ rẹ̀, nítorí pé àkọ́bí mi ọkùnrin kò lè yára ka Yorùbá. Ó dùn mí láti sọ èyí níwájú yín, èmi tí mo ń pariwo èdè káàkiri.

Kásẹ́ẹ̀tì tún wà ńlẹ̀. Nígbà tí mo ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé mi, mo gba ohùn àwọn àgbà awo sílẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sí láyé mọ́. Ooru àti ọ̀rinrin Èkó kì í fojú rere wo kásẹ́ẹ̀tì. Mo ṣí àpótí kan, funfun ti hù lára wọn bí ẹni pé búrẹ́dì ni wọ́n. Mo ti ń gbé èyí tí ó ṣì ń sọ̀rọ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà méjì sọ fún mi nígbà náà pé apá kan wà tí ògbẹ̀rì kò gbọdọ̀ gbọ́. Èmi nìkan ni mo mọ apá tí ó jẹ́. Bí mo bá kú lọ́la, ọmọ mi lè gbé gbogbo rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ọkàn rere, kí a máa yìn ín. Nítorí náà mo jókòó, mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan: ta ni ó ń sọ̀rọ̀, níbo, ta ni ó lè gbọ́ ọ. Ẹ̀yin náà, ẹ wo fóònù yín. Mélòó nínú ìyẹ̀rẹ̀ tí a kọ nínú ẹgbẹ́ yìí ni ó wà níbòmíràn yàtọ̀ sí WhatsApp ẹnì kan tí ó ti fi àtẹ̀ka rẹ̀ ti fóònù náà pa?

Ọpọ́n Ifá kan wà ní ìlú Ulm ní ilẹ̀ Jámánì. Láti Àládà, ní ilẹ̀ Benin òde òní, ni ó ti dé ọwọ́ oníṣòwò kan tí ń jẹ́ Christoph Weickmann, orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé àkójọ ẹrù Weickmann tí wọ́n tẹ̀ ní ọdún 1659. Ẹ ronú sí i. Ó ju 360 ọdún lọ tí ọpọ́n yìí ti wà lọ́dọ̀ àwọn tí kò lè fi í dífá, a sì mọ ibi tí ó ti wá, nítorí pé ẹnì kan kọ ìlà díẹ̀ sílẹ̀ nípa rẹ̀. Mo ní ohun púpọ̀ láti sọ nípa bí àwọn ẹrù wa ṣe dé òkè òkun, n óò sì sọ ọ́ lọ́jọ́ mìíràn. Fún òní, ẹ jẹ́ kí n sọ pé kì í ṣe òyìnbó nìkan ni ó kó o lọ. Lẹ́yìn ikú ìyá àgbà, ọmọ rẹ̀ tí ó ń bẹ̀rù ìbejì máa ń wá ẹni tí yóò bá òun gbé e kúrò nílé, oníṣòwò ère sì wà nítòsí nígbà gbogbo. Òfin orílẹ̀-èdè yìí sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde láìgba ìwé àṣẹ. Bí ẹbí bá ní òun kò lè tọ́jú rẹ̀ mọ́, tí òrìṣà sì gbà bẹ́ẹ̀, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wà ní Oníkàn láti ọdún 1957. Èmi ìbá fẹ́ kí ó wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ń bọ ọ́. Ṣùgbọ́n Oníkàn sàn ju ààtàn lọ.

Lórí ìwé ìpíngún, n kò ní pẹ́. Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó fẹ́ kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹni tí ó ni ín fọwọ́ sí i níwájú ẹlẹ́rìí méjì tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má fi ẹni tí ẹ há nǹkan fún ṣe ẹlẹ́rìí, nítorí ohun tí ẹ há fún un yóò bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ lè tọ́jú rẹ̀ sí kóòtù, ṣùgbọ́n kí ẹ̀dà rẹ̀ wà níbòmíràn pẹ̀lú: gbogbo wa ni a mọ̀ pé iná jó ilé ẹjọ́ gíga Igbóṣeré ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, ìwé rẹpẹtẹ sì bá a lọ. Kí ẹ sì dárúkọ ohun Ifá àti ohun òrìṣà yín níbẹ̀ ní tààrà. Bí ẹ bá kọ “àwọn ẹrù mi yòókù” síbẹ̀, inú “yòókù” yẹn ni ikin yín yóò wà.

Ohun kan ṣẹ́ kù tí èmi fúnra mi kò tíì yanjú. Ọmọ mẹ́ta ni mo ní, kò sì sí èyí tí ó tíì sọ pé òun yóò gba Ifá mi. Àkọ́bí mi ń bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ yàtọ̀. Ọmọbìnrin mi máa ń béèrè ìbéèrè, lẹ́yìn náà a gbé fóònù rẹ̀. N kò fipá mú wọn, n kò sì ní fipá mú wọn. Láti oṣù tó kọjá, mo ti ń ní kí ó wá jókòó tì mí ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá, kí ó kàn máa wò. Ó wá lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kejì, ó bi mí pé kí ni ó dé tí ikin kan fi tóbi ju àwọn yòókù lọ. Mo sọ fún un. A kò tíì kọjá ibẹ̀.

Ìwé Bàbá mẹ́ta àti ààbọ̀ wà nílé mi báyìí. Òróró ẹ̀pà ti mú kí ojú ewé mìíràn máa dán bí gíláàsì, a sì lè rí ìwé tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ láti iwájú. Mo ti ya fọ́tò gbogbo rẹ̀, mo ti fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ọmọ Bàbá ní ẹ̀dà, èyí tí ó wà ní Ìkòròdú sì ti ń pè mí láti béèrè orúkọ ewé. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba Muṣin kọjá, báírò búlúù ni, lórí bébà onílà, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ tẹ̀ sí òsì. Bí ẹ bá ra ẹ̀pà, ẹ tẹ́ bébà náà wò kí ẹ tó jù ú nù.